Script Kì Í Sọmọ Lórúkọ

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tó ń kọ́ Yorùbá, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ẹ ó lọ gba ìjálá àti ẹkún ìyàwó sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, ẹ ó fi script Python da gbogbo fídíò náà sórí YouTube lóru ọjọ́ kan. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ ó máa yangàn pé ẹ ti gba àṣà là. Irọ́ ni!

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Script kì í wolé. Nínú script àpẹẹrẹ tí YouTube fúnra rẹ̀ gbé jáde, bí ẹ kò bá kọ àkọlé, "Test Title" ni yóò fi síbẹ̀. Ta ni yóò wá ẹkún ìyàwó débẹ̀? Bí ẹ bá sì kọ àkọlé láìfi àmì ohùn sí i, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ di ọ̀kan náà. Ta ló wá yẹ kó mọ ìyàtọ̀ wọn, bí kì í ṣe àwa?

Ẹ ní script ń jẹ́ kíṣẹ́ yá. A gbà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ apohùn, ìlú rẹ̀ àti àkọlé tó lámì sínú fáìlì UTF-8 kan, kí script máa kà á. Ẹ fi "yo" síbi èdè. Ẹ má sì gbàgbé: bí ẹ bá dá project API yín sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 2020, tí YouTube kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò, ìkọ̀kọ̀ ni fídíò yín yóò wà.

Fídíò tí ẹnikẹ́ni kò lè rí, kí la gbà là níbẹ̀?