Iṣẹ́ Tí À Ń Kọ́ Ni Iṣẹ́ Aṣọ́lé

Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀ ní Jakande Estate, Ìsọlọ̀, àwọn ọmọdé á to òkúta mẹ́rin sílẹ̀ láàárín búlọ́ọ̀kù kan sí èkejì, méjì níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún. Àyè tó wà láàárín òkúta méjì kò ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Mọ́ńkí pósìtì nìyẹn. Ilé náà kéré débi pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù níwájú rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí ibi tó gbòòrò, tí wọ́n sì fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù gidi, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, “Ta ló máa ṣe gólì?” Gbogbo wọn á dákẹ́. Nígbà tó bá yá, wọn á ti ọmọ tó kéré jù síbẹ̀, tàbí èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ bọ́ọ̀lù. Ọmọ náà á fa ojú ro, á lọ dúró.

Níbẹ̀ ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tó le jù lórí pápá ni a ń gbé lé ẹni tí a rò pé kò wúlò fún nǹkan mìíràn lọ́wọ́. Bí ilẹ̀ yìí bá fẹ́ aṣọ́lé tó dáńtọ́, àdúgbò bíi Jakande ló yẹ kí ó ti máa kọ́ wọn bí a ti ń kọ́ télọ̀ àti mẹkáníìkì: láti kékeré, lọ́dọ̀ ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ náà. Àti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ohun tí ọ̀gá yóò kọ́ ọmọ pọ̀. Ilé gidi fẹ̀ ní mítà 7.32, ó sì ga ní mítà 2.44. Kò sí ọwọ́ tó lè ká a. Aṣọ́lé tó bá lẹ̀ mọ́ ìlà ti fi gbogbo ilé náà han ẹni tó fẹ́ gbá a. Èyí tó bá yọ ìgbésẹ̀ mẹ́ta síwájú ti sọ ọ́ di kékeré lójú rẹ̀. Ó tún gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń ṣubú: ẹ̀gbẹ́ itan ló ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀, lẹ́yìn náà èjìká. Ọmọ tó bá fi ìgbọ̀nwọ́ ṣubú lórí ọ̀dà títì yóò jí lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú egbò, á sì sá fún bọ́ọ̀lù tó bá tún ń bọ̀. Òkúta mẹ́rin kò lè kọ́ ọmọ ní ìkankan nínú ìwọ̀nyí.

Ẹ wo Peter Rufai, tí gbogbo ayé ń pè ní Dodo Mayana. Ọmọ ọba Ìdímù ni, Ìdímù yìí kò sì jìnnà sí Ìsọlọ̀. Èjìgbò ló wà láàárín wọn. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Stationery Stores l'Ékòó, ó kọjá sí Dragons de l'Ouémé ní Pọ̀tónóòfò, kó tó dé Belgium, Netherlands, Portugal àti Sípéènì. Ní 1994 ó ṣọ́lé fún Nàìjíríà tó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Tùnísíà. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹfà ọdún náà, nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ dé ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé, Bulgaria kò rí góòlù kan gbá wọlé rẹ̀ ní Dallas; 3–0 ni. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wàjà ní 1998, wọ́n fi adé lọ̀ ọ́, ó kọ̀ ọ́, ó sì lọ ṣọ́lé ní ife àgbáyé ní Faransé. Ẹni tó lè fi adé sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ kan mọ̀ pé iṣẹ́ náà níyì.

Síbẹ̀, bí a bá dárúkọ ọdún 1998, góòlù mẹ́rin tí Denmark gbá wọlé rẹ̀ níbẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ ẹnu. Bí atamátàsé bá pàdánù ànfààní márùn-ún, tó gbá ẹyọ kan wọlé, akọni ni. Bí aṣọ́lé bá mú márùn-ún, tí ẹyọ kan yọ lọ́wọ́ rẹ̀, èpè ló kù. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò fi fẹ́ iṣẹ́ náà.

Àwọn kan yóò ní Nàìjíríà kò ṣaláìní aṣọ́lé rí. Òótọ́ ni. Best Ogedengbe ṣọ́lé nígbà tí a gba ife Áfíríkà ní Sùúrùlérè ní 1980. Vincent Enyeama mú bọ́ọ̀lù tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ Argentina ní ife àgbáyé 2010 tí wọ́n fi yàn án ní ẹni tó ta yọ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Nàìjíríà pàdánù 1–0. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ni àwọn wọ̀nyí, a kò dáko tí a fi kórè wọn. Nígbà tí àìsàn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ dá Carl Ikeme tó ń ṣọ́lé fún wa dúró ní 2017, Francis Uzoho, ọmọ ọdún 19, ló ṣọ́lé fún wa ní ife àgbáyé ní Rọ́ṣíà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọmọ náà gbìyànjú, àmọ́ ilé tí àgbà kan ṣoṣo ń ṣọ́ kò ní ààbò.

Ẹ̀kọ́ náà kò gbọdọ̀ mọ sórí pápá. Èkó ni wọ́n bí Wilfred Agbonavbare sí. Ọdún mẹ́fà ló fi ṣọ́lé fún Rayo Vallecano ní Madrid, ó sì wà lára àwọn tó lọ sí ife àgbáyé 1994, níbi tí kò ti gbá bọ́ọ̀lù ìṣẹ́jú kan. Àìsàn ìyàwó rẹ̀ gbé owó rẹ̀ lọ. Ó di ẹni tó ń gbé ẹrù èrò ní pápákọ̀ òfurufú Madrid, títí jẹjẹrẹ fi pa á ní oṣù Kìíní, 2015. Àwọn ará Rayo fi orúkọ rẹ̀ sọ ẹnu ọ̀nà kan ní pápá wọn. Ọmọ tó bá ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ́lé gbọ́dọ̀ kọ́ ìwé àti iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣọ́lé. Àwọn tó kù ń jókòó dúró dè é.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ẹgbẹ́ àwọn olùgbé Jakande àti ilé ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí gbé òpó gidi méjì kalẹ̀ síbi tí ilẹ̀ ti rọ̀. Kí wọ́n wá aṣọ́lé àtijọ́ kan tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ní òpin ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Kí àwọn òbí má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú ọmọ tí bọ́ọ̀lù yọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Rufai kú l'Ékòó ní ọjọ́ 3, oṣù Keje, 2025, lẹ́ni ọdún 61, gbogbo ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín. Ọjọ́ a kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Bí ìyìn náà bá ti ọkàn wá, ẹ gbé òpó kalẹ̀ fún ọmọ tó fẹ́ ṣe bíi tirẹ̀.