Ta Ni Yóò Sọ Òótọ́ fún Alágbẹ̀dẹ Ọmọ-ogun Amẹ́ríkà?

Iṣẹ́ kan gbòde ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, a sì fẹ́ kí àwọn ọmọ wa tí ó wà níbẹ̀, tí wọ́n ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, gbọ́ èrò wa kí wọ́n tó dáwọ́ lé e. Iṣẹ́ náà ni ti olùdámọ̀ràn fún àwọn alágbẹ̀dẹ kéékèèké tí ń rọ irin, tí ń so wáyà, tí ń ṣe ẹ̀yà ara ọkọ̀ òfuurufú àti ohun ìjà. Àwòrán ohun tí wọ́n ń rọ wà nínú kọ̀ǹpútà wọn, ọ̀tá tí kò lè wọ ilé ológun a sì máa gba ẹ̀yìnkùlé alágbẹ̀dẹ wọlé.

Nítorí èyí ni ìjọba Amẹ́ríkà fi pàṣẹ pé, kí ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2017 tó kọjá, alágbàṣe tí irú àṣírí bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọdọ̀ ti mú ìlànà 110 ṣẹ. Láti ìparí 2020, alágbàṣe fúnra rẹ̀ ni ó ń fún ara rẹ̀ ní máàkì. Ẹni tí ó pé gba 110. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan lè jẹ gbèsè máàkì 203. Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ rò ó wò: ká ní Bọ́ọ̀dù tí ń ra kókó, kí wọ́n tó pa á rẹ́ ní 1986, ní kí àgbẹ̀ máa kọ gíréèdì sára àpò ara rẹ̀, àpò mélòó ni ìbá jẹ́ gíréèdì kejì?

Ilé-iṣẹ́ kan wà ní ìpínlẹ̀ Massachusetts tí a ń pè ní MORSECORP. Ní oṣù Kìíní 2021, wọ́n kọ 104 ránṣẹ́ sí ìjọba. Ní oṣù Keje 2022, olùdámọ̀ràn tí àwọn fúnra wọn gbà sọ fún wọn pé gbèsè 142 ni wọ́n jẹ. Wọn kò tún máàkì náà kọ títí di oṣù Kẹfà 2023, lẹ́yìn tí ìwé ìjọba ti dé bá wọn. Ní oṣù Kẹta 2025 wọ́n gbà láti san dọ́là 4,600,000, lábẹ́ òfin tí ó ti wà láti 1863 lòdì sí ẹni tí ń fi irọ́ gba owó ìjọba. Ẹni tí ó tú àṣírí wọn gba dọ́là 851,000 nínú rẹ̀.

Àwọn kan ń wí pé ajẹ-lẹ́yìn-òfin lásán ni àwọn olùdámọ̀ràn wọ̀nyí. A kò jiyàn pé irú wọn wà: àwọn tí ń ta ìwé ìlànà kan náà fún gbogbo ènìyàn, tí wọ́n kàn ń pààrọ̀ orúkọ tí ó wà lókè rẹ̀. Òfin kò kúkú béèrè ìwé-àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ pe ara rẹ̀ ní olùdámọ̀ràn. Ṣùgbọ́n olùdámọ̀ràn Massachusetts yẹn kò ba oníbàárà rẹ̀ jẹ́. Òótọ́ tí ó sọ ni ohun tí wọ́n fi owó rà. Àwọn ni wọ́n jù ú sí kọ̀rọ̀.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀ kọ ọ́ sínú àdéhùn, kí ó tó gba kọ́bọ̀, pé owó òun kò so mọ́ máàkì, àti pé bí oníbàárà bá kọ̀ láti tún máàkì irọ́ ṣe, òun yóò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Oníbàárà mìíràn yóò sá. Kí ó sá.

Kí ó má sì ṣe ṣe ojúkòkòrò. Láti ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá 2025 ni òfin titun ti ń wọ inú ìwé àgbàṣe, tí ó mú kí olùyẹ̀wò láti ìta wo iṣẹ́ ọ̀pọ̀ alágbàṣe. Ẹni tí ó bá ran alágbàṣe lọ́wọ́ láti múra kò gbọdọ̀ ṣe olùyẹ̀wò rẹ̀ títí ọdún mẹ́ta yóò fi kọjá.

Ó ku ọ̀kan. Òfin Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí àlejò wo àwòrán ohun ìjà láìgba àṣẹ, àfi ẹni tí ó bá ní ìwé ìgbélùú títí láé, àti àwọn díẹ̀ mìíràn tí òfin dárúkọ. Ọmọ wa tí ó jẹ́ pé ìwé akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni ó fi wà níbẹ̀ kò lè jókòó ti irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Kí ó wo ìwé ara rẹ̀ kí ó tó san owó ọ́fíìsì.