Kẹ́ ẹ tó ra jíìpù Lexus, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tó ń jẹ

Ọ̀rọ̀ jíìpù ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má sọ pé kí ló kan mẹ̀kúnnù kan jíìpù, torí ọ̀rọ̀ ọ̀hún fẹ́ẹ̀ tú ilé ẹ̀gbọ́n mi kan ká ní Ìgbàrà-Òkè.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe ní Àkúrẹ́, Corolla kan ló sì ń gùn láti bí ọdún mẹ́wàá. Corolla yẹn ò ṣẹ̀ ẹ́ rí. Àfi lọ́jọ́ Sátidé kan tí wọ́n ń ṣòkú ìyá ọ̀rẹ́ ẹ̀, tí àwọn tó ń darí ọkọ̀ ní kó gbé tiẹ̀ lọ sẹ́yìn ọgbà, kí àyè lè wà níwájú fáwọn tó gbé jíìpù wá. Ó gbé e lọ o, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò nínú ẹ̀ mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ó ti pè mí pé òun fẹ́ẹ́ ra Lexus RX 350. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ ti fẹ́ẹ́ rówó?" Ó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ òun á yá òun ní ìdajì, òun á sì ta ilẹ̀ tí bàbá fi sílẹ̀ fóun lẹ́bàá títì, kówó lè pé.

Ìyàwó ẹ̀ ní bó bá ta ilẹ̀ yẹn, kó wá ẹni tí yóò máa bá a gun jíìpù ẹ̀. Ariwo yìí pọ̀ débi pé àwọn méjèèjì fẹnu kò pé kí èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ ìròyìn lọ bá àwọn wádìí ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ti rà á.

Mi ò lè bú ẹ̀gbọ́n mi pé ọkọ̀ ńlá wù ú. Ta ni kò wù? Nígbà tí wọ́n san owó Udoji fáwọn òṣìṣẹ́ láàárín ọdún 1974 sí 1975, ọ̀pọ̀ wọn ló sáré fi ra ọkọ̀. Lọ́dún 1975 kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó, tí wọ́n sì ń to Peugeot ní Kaduna. Ṣùgbọ́n nígbà tí SAP dé lọ́dún 1986, náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun sì kúrò ní tòṣìṣẹ́. N la bá gba tọ́kùnbọ̀ mú. A sọ ọkọ̀ lórúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun, a sì ń dáwọ̀ọ́ ìdùnnú sí i bí ọmọ náà.

Lexus gan-an, ọmọ Toyota ni. Ọdún 1989 ni Toyota gbé orúkọ yẹn jáde nítorí àwọn olówó Amẹ́ríkà. Ọdún 1998 ni RX 300 wọ Amẹ́ríkà, RX 330 tẹ̀ lé e ní 2003, RX 350 sì dé ní 2006. Lágbègbè tiwa, ṣe la ń wo Toyota bí ìbátan. Ẹ ṣáà mọ̀ pé Ìlárá-Mọ̀kín tí kò jìnnà sí wa ni wọ́n ti bí Olóyè Michael Adé-Òjó tó dá Elizade sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn wa fi máa ń sọ pé, "Toyota náà ni, kì í bàjẹ́." Ọ̀rọ̀ yìí ló ń pa wá.

Ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ra kòkó l'Óǹdó ni mo kọ́kọ́ lọ. RX 330 ni tiwọn, wọ́n rà á ní 2019. Inú wọn dùn sí i, mi ò ní í parọ́. Wọ́n ní ó ga nílẹ̀, ó ń wọ ọ̀nà oko láì janú mọ́lẹ̀, àti pé láti ìgbà tí wọ́n ti ń jókòó sínú ẹ̀, ìbàdí tó ń dùn wọ́n ti dẹwọ́. Mo ní, "Ìyá, ṣé kì í yọ yín lẹ́nu?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo mú mẹkáníìkì mi dání lọ síbi tí mo ti rà á. Ọjọ́ tá a gbé e délé ló ti ní kí n pààrọ̀ bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì, mo sì pààrọ̀ ẹ̀. Mo ní kóló tiẹ̀ lọ́tọ̀. Bí mo bá ta kòkó, mo máa ń fi tiẹ̀ síbẹ̀ kí n tó ra ẹran sọ́bẹ̀."

Ẹ gbọ́ ohun tí ìyá sọ yẹn dáadáa. RX 300 àti RX 330, bẹ́líìtì tí wọ́n ń pè ní timing belt ló ń yí ẹ́ńjìnnì wọn. Ó lọ́jọ́ tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Ẹni tó bá ra tọ́kùnbọ̀ tí kò mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ gbẹ̀yìn, orí ló ń fi gùn ún. RX 350 ò ní bẹ́líìtì yẹn, ṣéènì ló wà nínú tiẹ̀, àmọ́ òun náà ní wàhálà tiẹ̀.

Wàhálà ọ̀hún ló bá ọkùnrin kejì tí mo lọ bá ní Àlágbàká, ní Àkúrẹ́. RX 350 ti ọdún 2007 ló rà ní 2022. Lọ́jọ́ kan, ó ń bọ̀ láti Iléṣà ní ìrọ̀lẹ́, iná pupa ọ́ìlì tàn níwájú ẹ̀. Ohun tó yẹ ni pé kó pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Iléṣà, ẹ sì mọ ohun tójú àwọn èèyàn ti rí lọ́wọ́ àwọn ajínigbé níbẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọmọ méjì wà nínú ọkọ̀. Ó ní, "Àbúrò, mo wo iná yẹn, mo wo igbó, mo tẹ iná sí i." Wọ́n dé Ìgbàrà-Òkè láyọ̀, àmọ́ ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì kó tó dé ọjà.

Rọ́bà kan tó ń gbé ọ́ìlì lára ẹ́ńjìnnì ló bẹ́, tí gbogbo ọ́ìlì fi dà sí títì. Ohun tó dùn mí jù ni pé Toyota mọ̀ sí rọ́bà yìí. Wọ́n ti pe àwọn tó ni irú ẹ́ńjìnnì yẹn l'Amẹ́ríkà pé kí wọ́n gbé ọkọ̀ wá, káwọn fi páìpù onírin pààrọ̀ ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ló máa pe oní-tọ́kùnbọ̀ ní Àkúrẹ́? Ó ti ra ẹ́ńjìnnì mìíràn báyìí, owó tó yẹ kó fi kan òrùlé ló sì bá a lọ.

Ẹnì kẹta, ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni, iṣẹ́ àga àti àpótí ló ń ṣe. Ó ti ta tiẹ̀. Ó ní kò sí ọ̀nà tóun gbà tí wọn kì í dá òun dúró pé ọmọ Yahoo ni òun, pé kóun ṣí fóònù. Irú ìyà yìí wà lára ohun tó lé àwọn ọ̀dọ́ jáde sí títì ní oṣù kẹwàá ọdún 2020.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Táǹkì RX 350 tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ẹ́ rà ń gba nǹkan bí lítà 72. Kó tó di May 29, ọdún 2023, tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan ò tíì tó ₦200, ẹni tó bá kún un ò ná tó ₦15,000. Nígbà tó fi máa di ìparí 2024, lítà kan ti kọjá ₦1,000. Ìyẹn ni pé táǹkì kan ṣoṣo ti ju ₦70,000, tó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024 yẹn. Ẹ ò tíì ra táyà o! Òkè òkun sì ni ohun èlò ẹ̀ ti ń wá. Dọ́là tí kò tó ₦500 ní báńkì níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023 ti kọjá ₦1,500 ní 2024.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ẹ́ rà á, ẹ gba ìmọ̀ràn díẹ̀. Nọ́ńbà àti lẹ́tà 17 ló wà lára ṣáásíìsì, ẹ máa rí i lábẹ́ gíláàsì iwájú. Ẹ ka ìkẹwàá nínú ẹ̀: 7 ni ti 2007, 9 ni ti 2009, A ni ti 2010. Bẹ́ni tó ń tà á bá ní 2009 ni, tẹ́ ẹ wá rí 7 níbẹ̀, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Ẹ bèèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, torí láti January 2017 nìjọba ti ní ọkọ̀ kankan ò gbọ́dọ̀ gba bodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Èyí tó bá gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé lóru, kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú títì.

Mo padà sí Ìgbàrà-Òkè, mo jókòó sáàárín tọkọtaya, mo ro gbogbo ẹ̀ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ pẹ́. Ó wá béèrè pé, "Ìyá oníkòkó yẹn, èló ló ń fi sínú kóló lóṣù?" Mo sọ fún un. Ó wo ìyàwó ẹ̀, ó ní, "Ilẹ̀ yẹn, mi ò tà á mọ́." Ìyàwó ní, "Lexus ńkọ́?" Ó ní òun á ṣì máa wo ọjà. Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó lọ gbé oúnjẹ wá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má ra Lexus. Ìyá oníkòkó ń gùn ún, ó sì ń gbádùn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tó bá ra ẹṣin, kó rántí pé òun náà ló máa wá koríko fún un. Àwọn tó ní kí ẹ gbé Corolla lọ sẹ́yìn ọgbà ò ní í bá yín ra ẹ́ńjìnnì.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.