Àgùdà Ní Ilẹ̀ Àjò

Ẹ̀yin ará wa ní Gonin Gora! Àwa ọmọ Ìjọ Àgùdà inú ẹgbẹ́ yìí ni mo ń bá wí, ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin tí ẹ ń kírun àti ẹ̀yin ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn má ṣe ṣí ojú ìwé yìí kọjá, nítorí ohun tí ń bá wa jà ń bá ẹ̀yin náà jà.

Nígbà tí a wà nílé lábẹ́ ojú àwọn òbí wa, a kì í pa Mísà jẹ. Nígbà tí a dé ìhín, ọjà di àwáwí, ìpàdé di àwáwí, ìnáwó di àwáwí. Èmi pàápàá jẹ̀bi. Ní ọdún kan tí owó há, mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣí ìsọ̀ mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Mo ní oṣù kan péré ni. Ó di ọdún méjì. Ọmọ mi ni ó bi mí pé, "Bàbá, ṣé a kì í ṣe Àgùdà mọ́ ni?" N kò rí èsì fún un.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí orúkọ náà ti wá. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì, tí wọ́n padà sí Èkó, ni a ń pè ní Àgùdà. Kí Fadá tó fi Èkó ṣe ibùgbé ní 1868, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Pa Antonio ti ń kó wọn jọ láti gbàdúrà. Kì í ṣe Fadá. Ẹni kan kò sanwó fún un, ẹni kan kò sì ń ṣọ́ ọ.

Ní tòsí wa níhìn-ín, ní Kakau, ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn agbébọn jí ọmọ 4 gbé ní Good Shepherd, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tí yóò di Fadá. Àwọn 3 padà wálé. Michael Nnadi, ọmọ ọdún 18, kò padà. Ọkùnrin tí ó jẹ́wọ́ pé òun pa á sọ fún ìwé ìròyìn pé ọmọ náà kò dẹ́kun wíwàásù fún àwọn.

Ọmọ náà dúró níwájú ìbọn. Àwa ń yẹ̀ níwájú oníbàárà.

Mo mọ̀ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n Ìjọ kò há mọ́ wa. Mísà ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó fún ọjọ́ Ìsinmi, fún ẹni tí ọ̀nà bá dára fún. Ẹni tí ó ń tọ́jú aláìsàn tí kò lè fi í sílẹ̀ kò sì jẹ̀bi. Àwáwí wa kò pọ̀ tó bí a ti rò.

Nítorí náà mo bẹ ẹgbẹ́ wa: ẹ jẹ́ kí ìpàdé ọjọ́ Ìsinmi máa bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́ta ọ̀sán. A kì í fi ìpàdé sí àkókò Jímọ̀ nítorí àwọn Mùsùlùmí wa, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwa náà.

Ní tèmi, mo ti ń ti ìsọ̀ mi títí Mísà yóò fi parí. Àwọn oníbàárà kan lọ, àwọn kan dúró. Orúkọ a máa ro ọmọ. Kí orúkọ Àgùdà ro wá o.