Àtàǹpàkò Àgbẹ̀ Lórí Èdè Tí Ó Ti Kú

Ilẹ̀ Ògbóòrò gbòòrò, iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti kajú sì ń ṣe dáadáa lórí rẹ̀. Kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nígbà náà bí àwọn tí wọ́n ní owó lọ́wọ́ bá ń wò ó láti òkèèrè. A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó fẹ́ dáko. Ìwé tí ó mú lọ́wọ́ wá ni a ń bá jà.

Ìwé náà, ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, a kì í kọ ọ́ ní èdè Yorùbá. Ó tilẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tí a kọ́ àwọn ọmọ yín ní ilé-ìwé ni a fi kọ ọ́ pẹ̀lú. Láti 1955 tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ti sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, ọmọ àgbẹ̀ tí ó lè ka ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ohun àpéwò mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìwé ilẹ̀ lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ wá wo bí òógùn yóò ti bò ó. Yóò bá “demise” pàdé, yóò sì béèrè pé ta ni ó kú, nítorí pé ikú ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn lónìí. Nínú ìwé ilẹ̀, ohun tí ó ń wí ni pé a fi ilẹ̀ lé ẹnìkan lọ́wọ́ fún iye ọdún kan, kí ó máa san owó rẹ̀. Yóò rí “messuage”, tí í ṣe ilé pẹ̀lú àgbàlá rẹ̀. Yóò rí “hereditaments”, èyí ni ohun ìní orí ilẹ̀ tí ó ṣe é jogún. “Witnesseth” kò ju “ó jẹ́rìí” lọ. Irú ìparí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kún inú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tí a tẹ̀ ní 1611, kò sì sí Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń bá aya rẹ̀ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Bí ó bá ṣe pé ẹ̀rín nìkan ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, à bá ti fi í sílẹ̀. Ẹ wo ti igi. Lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì, ohunkóhun tí a bá gbìn sínú ilẹ̀ di ti ilẹ̀ náà. Àwọn bàbá wa kò rí i bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè fún àlejò ní oko dá, kí ó máa san ìṣákọ́lẹ̀, kí igi tí ń so irú àti igi tí ń so òrí sì wà lọ́wọ́ onílẹ̀. Àwọn obìnrin wa mọ ohun tí igi wọ̀nyí jẹ́ nígbà tí owó bá wọ́n nílé. Àgbẹ̀ tí ó tẹ àtàǹpàkò rò pé oko nìkan ni òun fi sílẹ̀. Ẹni tí ó kọ ìwé mọ̀ pé ó ti kó igi mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni a kò pariwo níbì kankan, a kò sì lu ẹnikẹ́ni.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti jẹ irú ìyà yìí rí. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń rojọ́ ní kóòtù ọba wọn títí àwọn ará ìlú kò fi mọ ohun tí a ń wí nípa wọn. Ní 1362, nígbà ayé Ọba Edward Kẹta, wọ́n ṣe òfin pé kí a máa rojọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1733 òfin mìíràn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì lé Látìn kúrò nínú ìwé kóòtù. Ní 1999 wọ́n pa “plaintiff” tì, wọ́n fi “claimant” rọ́pò rẹ̀, kí olùpẹ̀jọ́ lè mọ orúkọ tí a ń pè é. Kóòtù gíga ìpínlẹ̀ Èkó gba ọ̀rọ̀ tuntun náà sínú ìlànà rẹ̀ ní 2004. Ẹni tí ó ni ẹ̀wù ti bọ́ ọ sílẹ̀, àwa tí a yá a ṣì gbé e wọ̀ nínú oòrùn.

Àwọn lọ́yà yóò wí pé ìdájọ́ tí ó ti wáyé láti ọdún pípẹ́ ti fi ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí múlẹ̀. A gbà bẹ́ẹ̀ fún díẹ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ wo ni yóò yí padà bí a bá yọ “witnesseth” kúrò?

Wọn yóò tún tọ́ka sí òfin tí ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé, tí ó ti wà láti 1915. Òfin rere ni. Ó ní kí akọ̀wé kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ sí ìwé tí ó gba owó kọ, kí ó sì ka ìwé náà, kí ó túmọ̀ rẹ̀, kí ẹni náà tó fọwọ́ sí i. Àwọn akọ̀wé wá rí gbólóhùn kan tí wọ́n ń tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé: a ti kà á fún un ní Yorùbá, ó sì jọ bí ẹni pé ó yé e. Ó jọ bí ẹni pé! Akọ̀wé tí “hereditaments” kò yé ni ó ń jẹ́rìí pé ó jọ bí ẹni pé ó yé àgbẹ̀.

Ohun tí a ń béèrè kò ṣòro. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi àṣẹ lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ lórí ilẹ̀ oko; ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀ kò lè gbé e fún ẹlòmíràn bí ìjọba ìbílẹ̀ kò bá fọwọ́ sí i. Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ Ìlà Oòrùn Ṣakí ní Àgọ́-Àmọ́dù kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwékíwèé tí a kò bá kọ ní Yorùbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí a kò sì dárúkọ igi, ọ̀nà àti odò inú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ajàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ Bíbélì odindi sí Yorùbá. Ìwé oko éékà mẹ́wàá kò lè ṣòro ju Ìfihàn lọ.

Títí ìgbìmọ̀ yóò fi ṣe é, kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní Ògbóòrò, Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí àti àwọn ìlú yòókù yan ọ̀mọ̀wé méjì-méjì tí yóò máa ka ìwé ilẹ̀ fún àwọn àgbà lọ́fẹ̀ẹ́. Kí àgbẹ̀ kankan má sì ṣe tẹ àtàǹpàkò lọ́jọ́ tí a gbé ìwé dé. Kí ó gbà á, kí ó fi sùn, kí ó sì wí fún ẹni tí ó mú un wá pé kí ó padà wá lọ́jọ́ ọjà tí ń bọ̀.