Ẹni tí ó Sanwó ní Ẹ̀tọ́ láti Béèrè

Alájọ tí ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà a máa fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní káàdì. Bí oníbàárà bá wo káàdì rẹ̀, yóò mọ iye tí òun ti dá. Wíwo káàdì kò dín owó kù, kò sì fi kún un. Alájọ tí ó bá kọ̀ láti fún ènìyàn ní káàdì, ta ni yóò dájọ lọ́dọ̀ rẹ̀? Síbẹ̀, ohun tí a kò lè gbà lọ́wọ́ alájọ ni àwọn kan tí ń kọ ètò ìsanwó sórí kọ̀ǹpútà fẹ́ kí a gbà lọ́wọ́ wọn.

Àdéhùn tí wọ́n ń pè ní smart contract ni à ń sọ: ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń gba owó, tí ó ń tọ́jú rẹ̀, tí ó sì ń san án fún ẹni tí ó tọ́ sí. Ethereum, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje ọdún 2015, wà lára ibi tí irú rẹ̀ ti gbilẹ̀. Solidity ni èdè tí a sábà fi ń kọ ọ́ níbẹ̀. Nínú Solidity, ọ̀rọ̀ náà view ni a fi ń sàmì sí apá ètò tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó dáhùn ìbéèrè lọ: èló ni ó kù? Ta ni a ti san fún? Láti ìgbà tí Solidity 0.5.0 ti jáde ní ọdún 2018, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí irú apá bẹ́ẹ̀ yí ohunkóhun padà. Ẹni tí ó bá sì béèrè láti ìta kò ní san owó ìṣiṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní gas.

Kí wá ni àwáwí wọn? Wọ́n ní gbogbo àkọsílẹ̀ Ethereum ni ó wà ní gbangba, kí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ lọ wá a. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn amọ̀ṣẹ́dunjú nìkan ni òótọ́ náà wúlò fún. Ìwé tí a tẹ́ sí gbangba ní èdè tí onílé kò gbọ́, a ti fi pamọ́ fún un. Wọ́n tún ní àìsí ìbéèrè ni yóò bo àṣírí. Irọ́ gbáà ni! Ohun tí a pè ní private nínú Solidity pàápàá, ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n wá yóò rí i kà. A kò pa nǹkan kan mọ́ fún ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́. Tálákà nìkan ni a dí lójú.

Àwáwí kẹta ni pé ìbéèrè ń mú kí àdéhùn tóbi. Lóòótọ́, láti ọdún 2016, àdéhùn kan kò gbọdọ̀ ju báìtì 24,576 lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kúkúrú mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò lè kún inú rẹ̀. Ẹ wo ERC-20, ìlànà tí a dábàá ní ọdún 2015: nínú iṣẹ́ mẹ́fà tí ó sọ di dandan, mẹ́ta jẹ́ ìbéèrè lásán. Ìdajì iṣẹ́ àdéhùn owó ni kí ó lè jíhìn.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé sún síwájú. Bí a bá ti gbé àdéhùn sórí Ethereum tán, a kò lè tún un kọ, àfi bí a bá ti la ọ̀nà àtúnṣe sí i tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè tí a gbàgbé lónìí lè di èyí tí kò sẹ́ni tí yóò lè béèrè mọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ èdè, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí ènìyàn bá ń fẹ́ kí fóònù sọ iye owó òun fún òun ní Yorùbá, Haúsá tàbí Ìgbò, ohun tí àdéhùn bá lè dáhùn nìkan ni a óò rí túmọ̀. Ògbufọ̀ kì í túmọ̀ ọ̀rọ̀ odi. Àwọn àgbà sì bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹni tí ó ń sanwó náà gbọdọ̀ máa ríran.