Èdè Púpọ̀ Lẹ́nu Ọ̀dọ́ Yorùbá: Ọrọ̀ Tí Ilé-Ìwé Kò Náání

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Bí àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá bá ń pe àwọn olùdókòòwò láti òkèèrè, ohun tí wọ́n sábà máa ń fi yangàn ni àwọn ọ̀dọ́: wọ́n pọ̀, wọ́n kàwé, wọ́n sì gbédè. Òótọ́ ni méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta ni ó yẹ kí olùkọ́ èdè yẹ̀ wò fínnífínní, nítorí pé ilé-ìwé gan-an ni ó ń ba ọjà náà jẹ́ kí ó tó dé orí àtẹ.

Ìmọ̀ ìwé kò ṣàdédé dé. Ní ọjọ́ 17, oṣù kìíní, ọdún 1955 ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ gbé ètò ọlọ́dún mẹ́fà kalẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ wọn, tí olùkọ́ àkànṣe sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àbájáde rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Èdè abínibí kò dí èdè àjèjì lọ́nà. Àkàsọ̀ ni ó jẹ́ fún un.

Ẹ wo ẹnu ibodè. Ìmẹ̀kọ wà ní Nàìjíríà, Kétu wà ní Olómìnira Bẹ̀nẹ̀. Yorùbá ni wọ́n jọ ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọba ń lò níhìn-ín, Faransé ni lọ́hùn-ún. Ọ̀dọ́ tí ó ń ṣòwò láàrin ìlú méjèèjì lè ná ọjà ní èdè mẹ́ta láìwá ògbufọ̀. Láti ọjọ́ 1, oṣù kìíní, ọdún 2021 tí òwò ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àdéhùn òwò ọ̀fẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà, irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ tí ó fẹ́ tajà níhà méjèèjì nílò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ó kọ lẹ́tà ní Faransé, tàbí kí ó fi àmì ohùn sórí Yorùbá tí ó ń sọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni apá rẹ̀ kì í ká a. Èdè ẹnu lásán ni. Kò sí ìwé-ẹ̀rí tí ó ń tì í lẹ́yìn.

Àwọn kan yóò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ti tó. Òótọ́ ni pé ó wúlò. Ṣùgbọ́n Íńdíà ní in, Kẹ́ńyà ní in, Gánà ní in. Kí wá ni ọ̀dọ́ Yorùbá yóò fi yàtọ̀ lójú olùdókòòwò? BBC dá ẹ̀ka Yorùbá sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2018. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù a sì máa dá oníbàárà lóhùn ní Yorùbá. Ẹni tí ó lè kọ ọ́, tí ó lè túmọ̀ rẹ̀, tí ó sì lè tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà ni irú iṣẹ́ wọ̀nyí ń wá. Lóòótọ́, èdè kò lè rọ́pò iná mànàmáná àti ọ̀nà tó dára. Síbẹ̀, òun ni ọrọ̀ tí ilé-ìwé lè pèsè láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Ìdúró náà kò sì lérè. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́; ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba fagi lé e. Ọwọ́ olùkọ́ ni ẹrù náà wá kù sí. Kí ẹ̀ka Yorùbá àti ẹ̀ka Faransé má ṣe wo ara wọn bí orogún mọ́. Kí wọ́n jọ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ ògbufọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni mọ bí wọ́n ti ń tẹ àmì ohùn, kí ó sì fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá sì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ nítorí pé ó sọ Yorùbá, kí ó mọ̀ pé ọrọ̀ ìlú ni òun ń bà jẹ́. Bí àlejò bá dé tí ó bèèrè ọjà tí wọ́n polówó, ó yẹ kí ó bá a lórí àtẹ.